ÌRORA TÍ ÀYẸ̀WÒ KÒ RÍ



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìrora tó ń bá ènìyàn jà fún ìgbà pípẹ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò eegun kò sì fi ohun kan hàn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló mú mi kọ ọ́. Ó lé ní ọdún kan tí ara fi ń ro ó. Nígbà tí a dé ọsibítù kan níhìn-ín ní Kánò, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ó ní èjìká ń jó òun, ẹ̀yìn ń gún òun, ẹsẹ̀ ń fa òun lóru. Gbogbo rẹ̀, "ciwo" kan ṣoṣo ni mo fi sọ lédè Haúsá. Dókítà wo ìwé àyẹ̀wò, kò wo ojú rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Kí n má purọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọjà ló sú u. Àfi ìgbà tí mo jí lóru ọjọ́ kan, tí mo bá a tó jókòó kírun, nítorí kò lè forí kanlẹ̀ mọ́. Ojú tì mí.

KÍ NI ÀWỌN ONÍMỌ̀ SỌ?

Ní ọdún 2020, IASP, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrora lágbàáyé, tún ìtumọ̀ ìrora ṣe. Wọ́n fi kún un pé bí ènìyàn bá ní ara ń ro òun, kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé àkójọ àrùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ìrora tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ lè jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọkọ̀ tó máa ń ké bí olè bá fọwọ́ kàn án. Bí ohun tó ń ké nínú rẹ̀ bá bàjẹ́, atẹ́gùn lásán yóò mú un ké. Igbe náà kì í ṣe irọ́. Olè ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ṣe lè máa ké láìsí ọgbẹ́. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ pàápàá lè máa ní ìrora níbi tí ẹsẹ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀.

IṢẸ́ OLÙTỌ́JÚ

1. Kí ó jẹ́ kí aláìsàn sọ tẹnu rẹ̀ tán, kí ó sì fọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò.

2. Kí ó wá àmì ewu: ibà, rírù láìnídìí, ẹsẹ̀ tó kú tipiri, ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ tètè padà lọ.

3. Kí ó má sọ pé "kò sí nǹkan kan." Kí ó ní, "A kò rí ewu, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó ń dùn ọ́."

4. Kí ó má fi òògùn ìrora nìkan lé e lọ. Ní ọdún 2021, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á sílẹ̀ pé fún irú ìrora yìí, eré ìdárayá, ìtọ́jú ọkàn àti àwọn òògùn kan tí a ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dára ju paracetamol àti ibuprofen lọ. Bí wọ́n bá kọ irú òògùn yẹn fún yín, kì í ṣe pé wọ́n pè yín ní wèrè. Tramadol inú ọjà ńkọ́? Ẹ sá fún un. Ó ń di bárakú.

IṢẸ́ TIWA

Èdè wa ní ro, ta, gún, jó àti fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ fún dókítà. Kí ògbufọ̀ má pa wọ́n pọ̀. Mo rọ ẹgbẹ́ wa kí ó yan àwọn tó gbọ́ Haúsá dáadáa, tí yóò máa bá àwọn ìyá wa lọ sí ọsibítù. Nínú ilé, ẹ má pe aláìsàn ní ọ̀lẹ, ẹ má sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ. Ànábì Ayyub ṣàìsàn pẹ́, Ànábì sì ni.

Dókítà kejì gba ọ̀rọ̀ ìyàwó mi gbọ́, ẹkún ló fi dá a lóhùn. Ó ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ìrora náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ọjà, ó sì ti ń forí kanlẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.