Ìkùnsínú Àwọn Opó: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Alákòóso Iṣẹ́ Àánú

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1–7

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyèsí i pé inú iṣẹ́ àánú ni ìkùnsínú yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. A sì ń gbójú fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níbi tí a bá ti ń ṣe oore, ẹ̀ṣẹ̀ kì yóò rí àyè jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Ní ọjọ́ 5 oṣù October 1942, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní ilé ìjọsìn St Mary the Virgin ní ìlú Oxford, nítorí ìyàn tí ń pa àwọn ará ilẹ̀ Gíríìsì nígbà ogun. Canon T. R. Milford, àlùfáà ìjọ náà, wà lára wọn. Láti inú ìpàdé náà ni Oxfam ti jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Háítì ní oṣù January 2010, Oxfam wà lára àwọn tí ó ran àwọn ènìyàn náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 2011 ẹ̀sùn dé ọ́fíìsì àgbà pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bá àwọn aṣẹ́wó lò níbẹ̀. A wádìí ọ̀ràn náà. A lé ènìyàn mẹ́rin kúrò, a sì jẹ́ kí mẹ́ta fi ọwọ́ ara wọn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà wọn ní Háítì gan-an wà lára àwọn mẹ́ta náà! Bẹ́ẹ̀ ni a ti mú irú ẹ̀sùn kan náà wá nípa rẹ̀ nígbà tí ó wà ní Chad, kí a tó rán an lọ sí Háítì.

Èéfín ni ìwà. Ní oṣù February 2018 ìwé ìròyìn The Times tú gbogbo rẹ̀ síta. Igbákejì olórí Oxfam fi ipò sílẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, bí 7,000 ènìyàn tí ń dá owó lóṣooṣù dáwọ́ dúró. Ní oṣù June 2019 ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣe àbójútó àwọn ẹgbẹ́ àánú fi ìwé ìkìlọ̀ lé Oxfam lọ́wọ́. Ó wí pé ìfẹ́ láti dáàbò bo orúkọ ẹgbẹ́ wà lára ohun tí ó darí bí a ti ṣe ọ̀ràn náà. Lójú tèmi, èyí burú ju pé a rí ẹlẹ́ṣẹ̀ láàrin wọn lọ, nítorí kò sí agbo tí kò ní tirẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn Àpósítélì. Wọn kò bá àwọn tí ń kùn wí pé wọ́n ń ba orúkọ Ìjọ jẹ́. Wọn kò fi ọ̀ràn náà pamọ́ sí yàrá. Gbogbo ìjọ ni wọ́n pè jọ. Wọ́n jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ti ju agbára àwọn nìkan lọ, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà dáradára: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn, ọ̀kan sì jẹ́ aláwọ̀ṣe Júù ará Áńtíókù. Ó dàbí ẹni pé lọ́wọ́ àwọn tí a ṣẹ̀ ni a fi ìpín oúnjẹ náà sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi kíláàsì yín pé: bí òṣìṣẹ́ kékeré kan nínú ìjọ wa tàbí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá rí ìwà búburú lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ta ni yóò lọ sọ fún? Bí wọn kò bá mọ orúkọ ẹni náà, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ, kí a yan ènìyàn, kí a sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé.