Ewu Tó Wà Nínú Lílo Oògùn Apakòkòrò Jù

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí inú bá ń run ènìyàn, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, "Lo Flagyl méjì." Bí ìdánwò bá ti súnmọ́, wọ́n á ní kó lo mẹ́rin kó lè tètè yá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o!

Flagyl àti Amoxicillin wà lára oògùn apakòkòrò àrùn. Mo bi nọ́ọ̀sì wa, wọ́n ní tí wọ́n bá sọ pé ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni. Àlòjù kì í mú ara tètè yá. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló lè fà, ó sì lè ṣe kíndìnrín léṣe.

Ẹ jẹ́ ká rántí:

1. Bí ẹ bá gbàgbé ti àárọ̀, ẹ má lo méjì pọ̀ lọ́sàn-án.
2. Apakòkòrò kì í wo ọ̀fìnkìn.
3. Ẹ má lo èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín.
4. Bí ẹnìkan bá lò ó jù, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ torí ẹ̀rù mátírọ́ọ̀nù. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ mú un lọ bá nọ́ọ̀sì kíá, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn náà dání.

Ẹjọ́ á tán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò láàrọ̀.