Ariwo Nínú Ilé Ìkàwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná. Ìlú ojú irin ni Ìfọ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ìlú wa kọjá. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta náà gba ibẹ̀. Báwo ni a ó ṣe kàwé láàárín ariwo?

Ariwo kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1975, obìnrin onímọ̀ kan, Arline Bronzaft, àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí ní ilé-ìwé kan ní New York, ní Amẹ́ríkà. Ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọ tí yàrá wọn kọjú sí ojú irin kò mọ̀wé kà tó àwọn ti apá kejì. Wọn kì í ṣe olódo. Ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n sì fi ohun tí ń gba ariwo mọ́ra sí àjà yàrá. Ní 1981, Bronzaft kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ náà ti tán.

Àwa náà lè ṣe é:

1. Ẹ kó àpótí ìwé sí apá títì, kí ẹ gbé tábìlì lọ sí ẹ̀yìn. Ìwé kò ní etí.

2. Bí ooru bá mú, fèrèsé ẹ̀yìn ni kí ẹ ṣí.

3. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì a máa dá ohùn padà. Ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ fi rọ́bà táyà sí ẹsẹ̀ àga.

4. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ìta ni kí a ti dáhùn tẹlifóònù.

Ó ku ọ̀kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé a máa kà sókè kí ó tó yé e. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá jágbe mọ́ àgbàlagbà pé kó dákẹ́, ó lè máà padà wá mọ́. Ẹ ṣètò yàrá kan, tàbí abẹ́ igi, fún irú wọn. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí a ti ń kà sókè wà lọ́hùn-ún.”

Ilé ìkàwé tó dákẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá síbẹ̀, kí ni ìwúlò rẹ̀?

Ìbéèrè
1. Kí ni wọ́n ṣe sí ariwo ní New York?
2. Èwo nínú ohun wọ̀nyí ni ẹ lè ṣe lọ́la?