Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Òjé inú Omi

Bí omi bá mọ́ gaara, tí kò sì rùn, àwa ènìyàn a máa gbà pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Òjé lè yòrò sínú omi láìyí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá sì se irú omi bẹ́ẹ̀, kòkòrò nìkan ni ó pa. Omi a fà díẹ̀, òjé a kù síbẹ̀. Ní ọdún 2010, ní ilẹ̀ Zamfara, òjé inú eruku òkúta wúrà bo ilé, ilẹ̀ àti kànga, ọmọdé tí kò dín ní 400 sì kú.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Brazil gbé jáde ní ọdún 2011. Wọ́n lọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi fa bàbà àti òjé jáde láti inú omi odò Paraná. Èèpo tí àwa fi ń bọ́ ewúrẹ́, tí àwọn ìyá wa sì ń sun fún eérú ọṣẹ dúdú!

Kì í ṣe bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òjé tí ó ti yòrò yóò gba ojú asẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ nípa iná mànàmáná pé irú méjì tí ó yàtọ̀ a máa fa ara wọn. Irú kan wà lára èérún òjé; irú kejì wà lára èèpo náà. Ibùjókòó tí ó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣófo: kálísíọ̀mù àti háídrójìn ni ó ti wà lórí rẹ̀, òjé a lé wọn dìde, a sì jókòó. Bí omi bá kan jù, háídrójìn á pọ̀ níbẹ̀, òjé kò sì ní rí àyè. Ìdí nìyí tí ásíìdì fi lè fọ òjé kúrò, kí a sì tún èèpo náà lò. Wọ́n lò ó tó ìgbà 11.

Gírámù èèpo kan lè gba òjé bíi mílígírámù 41, ṣùgbọ́n bàbà bíi 21 péré. Ẹ má ṣe yára sọ pé òjé ni ó pọ̀ jù. Èérún òjé kan wúwo ju ìlọ́po mẹ́ta ti bàbà lọ. Bí a bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbà ni ó borí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ju èèpo sínú àmù omi mímu. A máa jẹrà, a sì máa pa omi láró. Láìsí ohun èlò ìwọ̀n, kò sí ẹni tí ó lè mọ iye òjé tí ó ṣẹ́kù. Èyí tí ó sì ti gba òjé ti di májèlé: kò gbọdọ̀ dé ẹnu ewúrẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dé orí ààtàn, níbi tí òjò yóò ti gbá a padà sínú odò.