ILÉ-ÌWÉ PÈ WÁ, A JẸ́ Ẹ: KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń SÚ WA?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwa òbí ń ṣe ní ilé-ìwé ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ pé, "Èmi ò lọ síbẹ̀ mọ́." Kí ẹnikẹ́ni tó dá wa lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ wa ń lọ, wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé ká wá gbálẹ̀, ká sì se oúnjẹ fún ọjọ́ eré ìdárayá. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá. Àwa mẹ́jọ pa ìsọ̀ dé, a lọ. Títí aago méjìlá fi lù, kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ìgbà tó kan owó nìkan la gbọ́ Yorùbá: "Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ dá owó òrùlé."

A dá a. Ọdún yípo, òjò ṣì ń rọ̀ sí àwọn ọmọ lórí. Ọ̀kan nínú wa bèèrè ìṣirò owó, wọ́n ní ìjà ló fẹ́ dá sílẹ̀. Mẹ́fà nínú wa kò padà síbẹ̀ mọ́. Èyí tó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó wà ní pírámárì kẹrin. Ó ní, "Màámi, ẹ má wá mọ́. Wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, àmọ́ ká sọ ọ́. Àwọn kan nínú wa kì í yọjú àfi bí tíṣà bá na ọmọ wọn. Àwọn mìíràn á ṣèlérí, wọn ò ní wá. Tíṣà náà ní ìdààmú tirẹ̀: ní ilé-ìwé yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì méjì.

Ohun tí òfin sọ

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì. Òfin UBE ti ọdún 2004 mú un gùn di ọdún 9: pírámárì 6 àti JSS 3. Òfin náà ní ọ̀fẹ́ ni ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán pàápàá, ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹni tó bá gba owó lé wọn lórí rú òfin. Nítorí náà, ohun tí òbí bá fínnú-fíndọ̀ ṣe, ọrẹ ni. Ẹni tó sì ta wá lọ́rẹ, ṣe ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n ọjà tí a lè lò

1. Ká bèèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe àti aago tí yóò parí. Kí wọ́n má dá a sí ọjọ́ ọjà.

2. Ká máa lọ ní méjì-méjì. Ẹni tó kù á bá wa wo ìsọ̀.

3. Ká ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣe ìpàdé, tàbí kí ẹnìkan máa túmọ̀ rẹ̀.

4. Bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì, bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe owó ilé-ìwé. Ẹni tó san á gba rísíìtì. Akápò á ka ìṣirò ní gbogbo ìpàdé.

5. Bí nǹkan bá wọ́, ká kọ́kọ́ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, ó kan alága PTA, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní SBMC, kó tó wá di ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ká bèèrè pé obìnrin mélòó ló wà nínú SBMC tiwa.

Àwa méjì tó kù gbìyànjú ọgbọ́n yìí. A ò dá owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́: àwa fúnra wa ra páànù, a dúró ti káfíńtà títí ó fi kan án tán, a sì lẹ rísíìtì mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Kíláàsì kan ò jò mọ́. Ọ̀kan ṣì kù. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà ti padà, ìyá ọmọ pírámárì kẹrin yẹn sì wà lára wọn.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

Kí ló lé ìwọ kúrò ní ilé-ìwé ọmọ rẹ? Èwo nínú ọgbọ́n márùn-ún yìí lo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Ta ni yóò bá ọ wo ìsọ̀?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ ká má torí ìbínú fi ọmọ wa sílẹ̀ nínú òjò. Ire o.