Ìjàpá Tí Ń Sáré Nígbà Tí Ó Yẹ Kí Ó Rọra

Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1938; ní ọdún 1975 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó. Ní ọdún 2003 ni a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ènìyàn bá rí ní Sàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ lónìí ti di arúgbó, àìsàn kò sì jìnnà sí arúgbó. Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn náà ni pé kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tírótù, kí ẹ́ńjìnnì má sì dẹwọ́.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Iwájú ni ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Wáyà kan tí ó gùn ju mítà 2 lọ ni ó so wọ́n pọ̀. Ó gba inú ọ̀pá kan ní àárín ọkọ̀ dé kabúrétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù ti ń pò pọ̀. Ní ọ̀fun kabúrétọ̀ ni ìdérí pẹlẹbẹ kan wà tí ó rí bí owó idẹ. Bí awakọ̀ bá tẹ tírótù, wáyà yóò fa ìdérí náà ṣí. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, sípíríǹgì yóò dá a padà. Sukúrù kékeré ni a fi ń ṣe òdiwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì yóò ti máa mí jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ìmí jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń pariwo, sukúrù yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń sáré yí. Ariwo náà lè rọlẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé wáyà ni ó há, yóò tún bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ti Sàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wádìí. Yóò gbé ọkọ̀ sí gbangba, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń pani nínú yàrá tí a tì. Yóò yọ jíà, yóò fa bíréèkì ọwọ́, yóò sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Lẹ́yìn náà yóò pa á, yóò tú wáyà kúrò lára kabúrétọ̀, yóò sì tún un tàn. Bí ariwo bá rọlẹ̀, ẹ̀bi wà lára wáyà tàbí níbi ìtẹ̀sẹ̀: wáyà lè ti dípẹtà, fọ́nrán rẹ̀ lè ti máa já, tàbí kí ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ há mọ́ tírótù. Bí ariwo kò bá rọlẹ̀, kabúrétọ̀ ni kí a yẹ̀ wò: sípíríǹgì lè ti rọ̀, ìdọ̀tí lè ti dì mọ́ ìdérí, tàbí kí wáyà iná ṣóòkì ti já, tí ṣóòkì kò fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń gbọ̀n tí ó ń kú, bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé, tàbí ihò tíńtín tí epo sílò ń gbà ti dí.

Bí a bá fi wáyà tuntun sí i, kí ẹnì kan tẹ tírótù dé ilẹ̀, kí a sì so wáyà náà kí àlàfo bíi mìlímítà 1 ṣẹ́kù lẹ́nu kabúrétọ̀. Bí ó bá le jù, yóò já. Ìgbà náà ni ó tó kan sukúrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ariwo. Ní Sàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ lè gbé ẹsẹ̀ nítorí èrò tí ń sọdá, kí ọkọ̀ má sì gbọ́. Kí ó tẹ kìlọ́ọ̀ṣì, kí ó yọ jíà, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì. Kí ó má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń yí, kí sitíárìn má ba à tì pa. Sukúrù lè pa ariwo mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún wáyà tí ó fẹ́ já ṣe.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí ọ̀gá fi ń tú wáyà kúrò lára kabúrétọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan sukúrù?
2. Ṣàlàyé bí òwe inú àyọkà yìí ti bá iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ náà mu.