Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Ká Fi Wé Ti Aláìsàn?

Ìbéèrè: Dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ onímáàsítà ni mí ní Ìbàdàn. Mò ń wá àmì tuntun nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè tú àṣírí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kó tó wọra. Àwọn aláìsàn 40 ti gbà láti fún mi lẹ́jẹ̀. Ní ti àwọn tára wọn le tí mo fẹ́ fi wọ́n wé, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ṣe tán, ọ̀gá kan ní bánkì ẹ̀jẹ̀ náà sì ní òun á fún mi lára ti àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ṣé ìyẹn ti tó, sà?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, inú mi dùn gan-an pé o béèrè kó o tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ irú ìwádìí yìí ti ń dojú rú.

Wo àwọn aláìsàn rẹ dáadáa. Ọkùnrin ló máa pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ wọn á sì ti ní àrùn mẹ́dọ̀wú B lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ tó dé. Wá wo òdìkejì: àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àtàwọn tí bánkì ẹ̀jẹ̀ ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá mẹ́dọ̀wú lára rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò ní gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mẹ́dọ̀wú wá kún apá kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní apá kejì. Àmì yòówù kó o rí, ó lè jẹ́ ti mẹ́dọ̀wú lásán, ó sì lè jẹ́ ti ọjọ́ orí. Kò sí ìṣirò tó máa bá ọ yanjú ìyẹn tó bá yá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o bi ara rẹ ni pé: ta ni dókítà máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún? Kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ. Bàbá ẹni àádọ́ta ọdún ni, tó mọ̀ pé òun ní mẹ́dọ̀wú, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń le, tó ń wá ṣe sikánì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Irú bàbá yẹn, tí jẹjẹrẹ ò tíì mú, ni kó o fi wé àwọn aláìsàn rẹ. Àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú ò ṣòro rí: ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló ní mẹ́dọ̀wú B.

AFP, ìyẹn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò lónìí láti wá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọdún 1964 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bó o bá fi ti aláìsàn wé ti ọ̀dọ́ tí nǹkan kan ò ṣe, wàá rò pé iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ mẹ́dọ̀wú tó ru sókè máa ń gbé e ga, ẹ̀dọ̀ tó ti le náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, oyún pàápàá ń gbé e ga. Ibi tí dókítà ti nílò rẹ̀ jù ló ti ń dà á láàmú.

Má lé àwọn ọ̀dọ́ náà dànù o. Ẹ̀jẹ̀ wọn á jẹ́ kó o mọ ibi tí àmì náà máa ń wà lára ẹni tí kò ní nǹkan kan. Kì í kàn ṣe àwọn ló máa dá ẹjọ́ náà ni. Bó o bá sì lè rí àwọn aláìsàn tí kókó tó wà lẹ́dọ̀ wọn ṣì kéré, fi wọ́n kún un, torí ẹni tó ti rù, tí kò lè jẹun mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì kódà bí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ ló fà á.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bó o ṣe máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: èyí tí wọ́n fà ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ á jókòó sórí tábìlì nọ́ọ̀sì títí di ọ̀sán, nígbà tí tàwọn ọmọ kíláàsì rẹ á ti wọ ẹ̀rọ láàárín ìdajì wákàtí. Bí omi tó lé sókè lójú ẹ̀jẹ̀ wọ́ọ̀dù bá wá pọ́n díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú rẹ̀ nìyẹn, ohun tó tú jáde níbẹ̀ sì lè dà bí àmì àrùn. Wákàtí kan náà, irú ìgò kan náà, fírísà kan náà ni kó o lò fún gbogbo wọn. Fi nọ́ńbà bo orúkọ, kó o sì to ìgò apá méjèèjì mọ́ra wọn kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò má mọ ti ta ni. Àpẹẹrẹ kan rèé: lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nínú The Lancet pé àwọn dá gbogbo àwọn 50 tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí Keith Baggerly àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston tú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn wò, wọ́n rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò náà lè fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Àwọn obìnrin ti ń retí àyẹ̀wò yẹn.

Ohun kan ṣì kù. Bó o bá ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ó ṣeé ṣe kó o bá mẹ́dọ̀wú lára ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ àti ọ̀gá rẹ ní láti bá ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí sọ ẹni tó máa sọ fún un, àti dókítà tó máa gbà á fún ìtọ́jú.